Kánádà Tí Ẹ Ní Mo Wà

Màámi,

Èmi Tìmílẹ́hìn, ọmọ yín, ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí lórúkọ àwa mẹ́ta tí à ń gbàtọ́jú jẹjẹrẹ n'Íbàdàn. Àlàáfíà la wà. Sísípílátìn, oògùn tí wọ́n ń fà sí wa lára, ń ṣiṣẹ́. Etí mi tó ń hó kò tó nǹkan.

Mo gbọ́ pé gbogbo Igbó-Elérin ń kí yín kú oríire Kánádà mi. Ìyá Ọmọlará, tí ẹbí tirẹ̀ náà purọ́ bẹ́ẹ̀, ní, "Kánádà yìí mà móoru o! Yìnyín ẹ̀ dà?"

Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ẹ̀yin ẹbí wa sọ òtítọ́, kí ẹ sì wá wò wá kí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá.

Ẹ bá wa kí àwọn tó rò pé òtútù ń mú wa.