Bẹ́ẹ̀dì Ẹlẹ́sẹ̀ Bàtà Mẹ́fà àti Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, káfíńtà, mo ti gbọ́ èdè Gíríìkì dópin. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, bí mo bá sì la ẹnu báyìí, àwọn Gíríìkì gan-an á panu mọ́ láti gbọ́ tèmi. Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run tó so igi mọ́ gbòǹgbò kò ní já wa kúrò lára ara wa. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan sì jọ ọ́ níwájú orí.

Bẹ́ẹ̀dì tí o ní kí n kàn fún ọ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú fóònù, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò ju ìka méjì lọ, mo ní èèrà á sùn níbẹ̀ dáadáa. Àfi ìgbà tí ìyá rẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lo fẹ́ kó fẹ̀. Mẹ́fà! Ìwọ nìkan, ìwọ tí ẹ̀yìn rẹ kò fẹ̀ ju pátákó ìfọṣọ lọ!

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni pásítọ̀ kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan sójú pátákó ní ṣọ́ọ̀ṣì: porneia. Wọ́n ní òun ni Bíbélì wa pè ní àgbèrè, pé kì í ṣe ọkọ tàbí aya tó yà bàrá nìkan ló bá wí, gbogbo ìbálòpọ̀ tí kò sí nínú ìgbéyàwó ló kó pọ̀. Wọ́n tún ní àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí títà ló ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ mi, mo ro ó mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń tà láti ogún ọdún?

Mo délé, mo ṣe fọ́ọ̀mù bíi ti bánkì fún ẹni tó bá fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì: orúkọ rẹ, orúkọ aya rẹ, ọjọ́ ìgbéyàwó, fi fọ́tò méjì mọ́ ọn. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, eṣinṣin nìkan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà kò kọ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà tó ń ta òróró wá ra bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, mo ní kí ọkọ wọn wá fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ọdún kẹwàá rèé tí ọkọ àwọn ti wà nínú sàréè, ṣé kí àwọn hú u jáde wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni, àbí mo ti ń mu gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ igi? Wọ́n gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ tààrà.

Pásítọ̀ dé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé ìṣó. Wọ́n ní ara ènìyàn ni wọ́n ń tà láyé ọjọ́un tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ yọ, kì í ṣe pákó, pé igi kì í dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó fẹ́ sùn lórí igi ni kí n bi.

Mo wá ń bi ọ́: ta ló ni ìdajì kejì? Bí ọmọbìnrin kan bá wà, má fi í pamọ́ fún wa. Ohun tó ń já mi láyà ni pé kí n di bàbá ọkọ kí n má mọ̀. Mú un wá, ká gbàdúrà fún yín, ká so yín pọ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ ná. Bí o bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, wàá rí ihò mẹ́rin, kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìdajì kejì máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Fi owó pákó rẹ̀ ránṣẹ́, má sì gba inú fóònù fi í ránṣẹ́ mọ́, torí ìjelòó tí o ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbọn fóònù títí ọwọ́ fi ro mí, kọ́bọ̀ kò bọ́ jáde.

Ilé rẹ á tòrò, oorun rẹ á dùn, ẹni tó máa sùn tì ọ́ kò ní jẹ́ ẹni ìfarapamọ́.

Kí n má purọ́ fún ọmọ mi: ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo yẹn ni mo mọ̀, ìyá rẹ ló sì ń rán mi létí bí wọ́n ṣe ń pè é. Owó pákó tí mo béèrè, irọ́ ni. Mo ti kan ìdajì kejì tán. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa, ìyá rẹ ń nù ún láràárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.