Adéọlá La Ojú

Iléṣà, Ọjọ́rú, 1956

Adéọlá ọmọ mi la ojú lónìí! Ọyún ti gbẹ, ojú méjèèjì mọ́ gaara. Mo pariwo títí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

Ara mi ni àrùn tó mú un lójú wà, ìgbà tí mo ń bí i ló kó o. Oògùn ló yẹ kí wọ́n kán sí i lójú ní kété tí mo bí i, wọn ò kán an. Ọkọ mi ti ń lérí pé ilé ẹjọ́ ni. Lónìí ó dojú kọ dókítà: "Tí ọmọ mi bá fọ́jú ńkọ́?"

Dókítà ò ṣe àwáwí. "Àwa la jẹ̀bi, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ìyàwó yín náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́, àrùn tí tọkọtaya ń kó ran ara wọn ni."

Ọkọ mi wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kó àrùn náà wálé, a máa sọ ọ́ nílé.

Bóyá ẹjọ́ ṣì máa wà, mi ò tíì mọ̀. Mo ṣáà bẹ dókítà pé kí wọ́n má tún gbàgbé ọmọ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ọkọ mi gbé ọmọ. Ó yí orí sí ọ̀tún, ojú ọmọ tẹ̀lé e. Ó yí i sí òsì, ó tún tẹ̀lé e. "Ó ń wò mí!" Ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀.

Adéọlá ń mu ọyàn báyìí, ó tẹjú mọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó tètè sùn.