Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ọ̀gá Ayẹ̀wò tí Àbúrò Mi Sín Jẹ

Yàrá Òkè,
Ilé Télọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀gá Àgbà,
Ètò Ìbẹ̀wò Ilé fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ GBA ÀǸTÍ LỌ́WỌ́ WA

1. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tí Àǹtí Olùbẹ̀wò yín ń wá bá ṣeré nílé wa. Màmá ní kí n kọ̀wé yìí torí èmi ni mo mọ̀wé jù nínú ilé, ìyẹn ni pé àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n rárá.

2. Kí Àǹtí tó dé, àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kàn padé ni. Lọ́jọ́ kan, mo ń sín Àǹtí jẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó sì gbọ́. Dípò kó gbá mi létí, ó ní, "Ayékòótọ́, jókòó síbí. Iṣẹ́ dé." Ó ní kí n máa ṣe bíi kẹ́tù tó ń hó, bíi maṣíìnì télọ̀ ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ń tẹ̀ lé mi. Láti orí ariwo ló ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe "Màámi", oúnjẹ jóná lórí iná, ẹnikẹ́ni ò bínú.

3. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ayẹ̀wò yín wá wò ó bóyá ìbẹ̀wò náà ń so èso. Ó gbé àwòrán ológbò sókè, ó wúkọ́, ó ní, "Kí lèyí?" Àbúrò mi náà wúkọ́, ó fi ohùn ọ̀gá gan-an bi í pé, "Kí lèyí?" Ó gbé àwòrán aago, bákan náà ni. Mo ki ìrọ̀rí bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ọ̀gá ayẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, pé kí Àǹtí má wá mọ́.

4. Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀nà tí Àǹtí fi kọ́ àbúrò mi ni pé kó kọ́kọ́ gba ohùn ẹni, ìyẹn ni pé kó sín ẹni jẹ, kí ẹni náà sín òun náà jẹ padà, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ á wá jáde. Ọ̀gá ayẹ̀wò ò sín in jẹ padà. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ tán báyìí, àbúrò mi ní, "Ológbò. Aago. Bàbá ń wúkọ́." Ọ̀gá ayẹ̀wò ló ń pè ní Bàbá. Odidi gbólóhùn! Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ayẹ̀wò padà wá, kó sì bá àbúrò mi ṣeré díẹ̀ kó tó béèrè nǹkan. A ò bá a jà. Ilé wa dùn báyìí, ariwo ló kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Àǹtí máa bọ̀. Ikọ́ ọ̀gá ayẹ̀wò ṣì wà lẹ́nu àbúrò mi títí di òní, Àǹtí nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ariwo.

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,
Ayékòótọ́,
Igbákejì Àǹtí Olùbẹ̀wò (mo yan ara mi ni).