Níbo Lẹ Ń Lọ, Bàbá Mùínàt?

Ìgbó-Ọrà, Ìbàràpá,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Èrèlé, 1974.

Ayọ̀délé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Kí n tó kí ọ bó ti yẹ, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé: bí ènìyàn bá fi odindi wákàtí kan rìn, tí kò sì kúrò lójú kan, ṣé ó rìn àbí kò rìn? Mo ti kọ ìbéèrè yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò bára mu ni mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kú òtútù o. Mo lérò pé àyà rẹ ti ń fara balẹ̀, pé Adébùkọ́lá ìyàwó rẹ ti ń rí oorun sùn, pé ara àwọn ọmọ sì le. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku sì ti bo gbogbo ìwé mi. Dúpẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó ní kí n má ṣe kọ lẹ́tà gígùn sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Wàá rí i pé n kò gbọ́ràn.

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà. O ní lẹ́yìn tí àyà dá ọ dùbúlẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà, dókítà ní kí o máa rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Yìnyín kò jẹ́ kí títì ṣeé rìn, ni wọ́n bá ní kí o lọ máa rìn ní gbọ̀ngàn ìdárayá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ. O ní ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọ̀nà kúkúrú tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Bí o bá dúró lé e, ọ̀nà náà á máa sá lọ sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ náà á máa gbé ẹsẹ̀ síwájú, kò sì sí ẹni tó máa kúrò níbẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Gbogbo àwọn tó kù ń sáré lórí tiwọn. Ìwọ nìkan ló ń rìn. O ní obìnrin òyìnbó kan tó ti ní ọmọ-ọmọ ń sáré lápá ọ̀tún rẹ, ó sì ń fi ojú àánú wò ọ́.

Ìwọ tí a ń pè ní Ẹtu nílé-ìwé wa ní Èrúwà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ nìkan ni àwa tó kù máa ń rí lọ́jọ́ eré ìje! O kò lè fara mọ́ ọn. O yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà sókè, o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ojú rẹ ṣú, ọkùnrin méjì ló sì gbé ọ kúrò lórí rẹ̀. Dókítà bínú. Síbẹ̀ ohun tí o kọ ní òpin lẹ́tà rẹ nìyí: “Bí mo bá padà síbẹ̀, eré ni n ó sá. Bí kì í bá ṣe eré, n kò ní lọ mọ́. N kò lè máa rìn bí ìyá arúgbó níwájú àwọn ènìyàn. Dúró ọ̀rẹ́ mi, bá mi rẹ́rìn-ín sí i jàre.”

Ayọ̀délé, n kò lè bá ọ rẹ́rìn-ín.

Mo gbìyànjú rẹ̀ o. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ní ìsọ̀ Àkànó, télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa. Àkànó sọ àlùmọ́gàjí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè rìn? Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ níbí, kí wọ́n wá bá mi ru pákí láti Lánlátẹ̀, ọ̀fẹ́ ni màá ṣe é fún wọn.” Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ohun tó kan òun ni pé, “Bí àna onítọ̀hún bá wọlé nígbà tó wà lórí ẹ̀rọ ńkọ́? Bó bá dọ̀bálẹ̀, ṣé kò ní gbé e jù sẹ́yìn bí àpò gàrí?” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jáde. Ohùn ara mi ni mo gbọ́, láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn.

O ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, o kò lè mọ̀ nípa rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ọ rí, n kò sì sọ ọ́ fún Dúpẹ́. Ìdèrè ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Ilé Mùkáílà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mùínàt ni mo ń gbé, òun àti Abíọ́nà àbúrò rẹ̀, àgbẹ̀ làwọn méjèèjì. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn sòbìà mú tẹ̀gbọ́n tàbúrò, nítorí odò kan náà ni wọ́n ń mu. N kò ní ṣàlàyé sòbìà fún ọ, nítorí ó ti jáde lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ rí. O mọ bí orí aràn náà ti ń yọ bí òwú funfun, tí a ó wé e mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, tí a ó máa yí i díẹ̀ láràárọ̀, ìwọ̀nba tó bá gbà. O mọ̀ pé a kì í fà á. Bó bá já sínú, wàhálà dé.

Kí ẹsẹ̀ má baà gan, Bàbá Mùínàt a máa fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, a sì máa yí igi máńgòrò inú àgbàlá po, ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà nírọ̀lẹ́. Ó ń rọra rìn débi pé adìẹ kì í yà fún un lọ́nà. Èmi á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ni. O mọ bí mo ti rí nígbà náà. Kò sí ohun tí n kò ka ìwé kan nípa rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbé ojú sókè, mo ké sí i pé, “Níbo lẹ ń lọ, Bàbá Mùínàt? Láti àárọ̀ lẹ ti ń rìn, ẹ ò tíì dé?”

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti fẹ́ẹ̀ dé, Tíṣà.” Ọ̀rọ̀ náà sì mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ kejì àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà ń ti ẹnu ọ̀nà kígbe pé, “Ẹ kú ìrìn-àjò o! Ẹ bá wa kí wọn níbẹ̀!” Bàbá Mùínàt ń dáhùn, ó sì ń rìn lọ.

Abíọ́nà ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti gan ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó ti ṣán ilẹ̀ kan dé ìdajì, òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dìde, kí àwọn jọ máa yí igi po. Mo gbọ́ èsì rẹ̀, nítorí kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: “Kí Tíṣà lè rí ẹni méjì fi ṣẹ̀fẹ̀? Èmi ò lè máa yí igi ká. Oko ni mò ń lọ.”

Lọ́jọ́ kẹta ó fi agbára yí ẹyọ ìgbálẹ̀ náà kí gbogbo rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó já. Ó fi àkísà di ojú rẹ̀, ó mú àdá, ó sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ní ó ń tiro, ó sì ń sáré, kò dúró kí ẹnì kankan. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e wálé nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ wú dé itan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án eyín rẹ̀ di mọ́ra wọn, ara rẹ̀ sì gan bí pákó. A gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kò rí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Àwọn dókítà ti sọ fún mi láti ìgbà náà pé kòkòrò inú erùpẹ̀ ló gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Mo ti kà á nínú ìwé pẹ̀lú, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó sọ ohun tó mú un fa ohun tí gbogbo ọmọ Ìdèrè mọ̀ pé a kì í fà. Àwọn òru kan wà tí mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí líle tirẹ̀ ni. Àwọn òru mìíràn a dé, màá sì fa igi lé e. Bàbá Mùínàt kò sọ ohunkóhun sí mi. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tún ń yí igi po, kò sì sí ẹni tó ń kí i kú ìrìn-àjò mọ́. Nígbà tí òjò rọ̀ ó ti wà lóko. Ó gbin ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì parí ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ṣán dé ìdajì.

Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mo mú lẹ́tà rẹ, mo wọ takisí lọ sí Ìdèrè. Bàbá Mùínàt ti hu ewú, abẹ́ igi máńgòrò yẹn náà ni mo bá a. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí n kò sọ láti ọdún mẹ́tàlá: “Bàbá, ẹnu mi ló lé Abíọ́nà dé oko.” Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rò pé yóò tù mí nínú tàbí kí ó bú mi, mo sì ti múra sílẹ̀ fún èyíkéyìí. Ohun tó bi mí ni pé, “Ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín yẹn, Tíṣà, ṣé ohun tó lè dì mú wà lára rẹ̀?”

Mo wo inú lẹ́tà rẹ. Mo ní o kọ ọ́ pé irin wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ó ní, “Ó dáa ju tèmi lọ nígbà yẹn. Ẹ ní kó dì í mú.”

Mo wá bi í ní ìbéèrè tèmi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, pé níbo gan-an ló ń lọ nígbà náà. Ó wo ìdí igi náà. “Mi ò lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń dúró dè. Abíọ́nà ò dúró de tiẹ̀.”

Ayọ̀délé, dì í mú. Padà sí gbọ̀ngàn náà, má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn mọ́, kí o sì rìn. Bí ìyá àgbà òyìnbó náà bá wò ọ́, kí i. Àwa tó sọ ọ́ ní Ẹtu kò ju mẹ́rin lọ tó kù láyé, kò sì sí ẹni tó ń retí pé kí o tún sáré nínú wa. O mọ orúkọ mi. Àwọn òbí mi ni wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n dúró sin àwọn. Mo ti ṣe é fún àwọn méjèèjì. Wọn kò ka ìsìnkú tìrẹ mọ́ ọn.

O ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àkókò tìrẹ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Mo ti yan àwọn ọjọ́ náà láti máa bá ọ rìn níhìn-ín. Igi ọsàn wà níwájú ilé wa, mo sì ti dán an wò nírọ̀lẹ́ òní kí n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àkànó rí mi láti ìsọ̀ rẹ̀, ó pariwo pé, “Tíṣà, níbo lẹ ń lọ?” Mo ní, “Lọ́ńdọ̀nù ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in, mo sì ń rìn lọ.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ di àyà rẹ mú. Kí Adébùkọ́lá má ṣe jí lóru gbọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kí àwọn ọmọ rẹ mọ̀ ọ́ dé ìgbà tí ewú yóò fi bo gbogbo orí rẹ, kí a sì jọ jókòó níhìn-ín lọ́jọ́ kan, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn láti ìdíkọ̀ dé ilé mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í rí ju ẹ̀yìn rẹ lọ lójú eré ìje,

Dúrósinmí.

Àfikún: Má ṣe kọ lẹ́tà gígùn padà. Iye ìṣẹ́jú tí o fi rìn nìkan ni kí o kọ, kí Adébùkọ́lá sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí n lè gbà ọ́ gbọ́. Mo tún kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé mi lẹ́ẹ̀kẹrin, n kò sì kọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀; ìwọ ni mo fi àyè sílẹ̀ fún. Àkùkọ ti kọ, mo sì ti ń rí igi ọsàn náà láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ Ajé ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.