Ìyá Wa Kò Tíì Kú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti sàn, wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀gbọ́n, inú yín ń bí mi! Ẹ ní tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn bá bi mí lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìdí tí mo fi fẹ́ di dókítà, kí n ní àìrí dókítà ló pa ìyá wa, kí n sì sunkún díẹ̀. Ibi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ra ni Màmá ti gbé aṣọ tí wọ́n rán fún mi fún ọjọ́ náà wọlé. Wọ́n gbọ́. Wọ́n kàn ní kí n wọ̀ ọ́ wò.

Ta ní ń fẹnu sin ìyá tó bí i láàyè? Mi ò ní sọ ọ́, bí ilé ẹ̀kọ́ ò tilẹ̀ gbà mí. Ẹ pe Màmá, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fẹnu pa yín.

Màmá fúnra wọn ní kí n kọ ọ́ báyìí: òkú ń kí yín o.

Èmi, àbúrò yín.