Ìyá Oníbúrẹ́dì tí Mo Kà sí Èèyàn Mẹ́fà

                                        Yàrá Kejìlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé eyín wọn ti hù tán? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun tó ń jí gbogbo àdúgbò? Orúnkún Màmá ńkọ́? Ara tèmi le koko, ojú nìkan ló ń tì mí. Fìdí kalẹ̀ kí n rò fún ọ.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni ọ́fíìsì wa ti ń tẹ̀lé ogójì ilé búrẹ́dì, tí à ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́dọọdún. A fẹ́ mọ̀ bóyá ààrò gáàsì tí ìjọba pín fún díẹ̀ nínú wọn ń mú kí búrẹ́dì pọ̀ sí i. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń kọ́kọ́ gbà pé ààrò náà kò ṣe nǹkan kan, àfi tí ìṣirò bá bá wa jà. Kọ̀ǹpútà mi wá ní tí ààrò náà kò bá ṣe nǹkan kan lóòótọ́, agbára káká ni irú àbájáde yìí fi lè ṣèèṣì wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá mi jó yí tábìlì ká! Wọ́n ní tí mo bá ti kà á síwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí ọ́fíìsì wa ní Ọjọ́bọ̀, ìwé iṣẹ́ mi ti dé nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá oníbúrẹ́dì kan, ọ̀kan nínú ogójì náà, já wọlé tìbínú-tìbínú, ìyẹ̀fun lápá.

“Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ti bi mí ní ìbéèrè kan náà! Ṣé èèyàn mẹ́fà lẹ rò pé mo jẹ́ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo sáré yẹ kọ̀ǹpútà wò. Òótọ́ ni, èèyàn mẹ́fà ni mo kà wọ́n sí! Mo gbàgbé láti sọ fún un pé ilé kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, ni ogójì bá di òjìlérúgba. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ búrẹ́dì yan léṣìí, òun náà ló mọ̀ ọ́n yan lọ́dún yìí. Nígbà tí mo tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún di ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ó lè jẹ́ èèṣì lásán.

Ọkàn kan ní kí n dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n o mọ ìwà mi. Mo mú ìyá yẹn lọ bá Ọ̀gá, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èèyàn mẹ́fà wá kí yín.” Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń wá márùn-ún tó kù. Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, inú bí Ọ̀gá débi pé ìyá oníbúrẹ́dì fúnra wọn ló ń bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò wa, pé a ò tíì mọ̀ bóyá ààrò náà ń ṣe nǹkan kan. Alága béèrè ẹni tó rí àṣìṣe náà. Kíá, mo nawọ́ sókè, mo ń retí oríyìn. Wọ́n wá béèrè ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè! Mo wo Ọ̀gá, Ọ̀gá wo àjà. Ó wù mí kí n sọ ọ́ kalẹ̀, mo fi í síbẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí alága fi bọwọ́ lu ìwé kan, wọ́n wá ní kí n fi ọwọ́ náà wá gba ìwé iṣẹ́ mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Sọ fún Màmá pé mo ti di òṣìṣẹ́ gidi.

Èmi ni tìrẹ, láìsí èèṣì kankan,
Oníṣirò