Oúnjẹ Ajá Inú Dúrọ́ọ̀mù Màámi

                                        Ilé Alágbẹ̀dẹ,
                                        Òkè Baálẹ̀,
                                        Òṣogbo.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Phebe, ọ̀rẹ́ mi tó dà bí ọmọ ìyá,

“Bushrah! Gbé abọ́ yẹn kúrò níwájú Sísí! Ṣé o fẹ́ pa ológbò mi ni?”

Màámi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbé abọ́ náà, mo ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, mo wá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé láti kọ̀wé sí ọ, torí ariwo yẹn ti jẹ́ kí n mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Má bínú, mi ò tíì kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àti màmá rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù Ìbòkun ò mú yín jù lásìkò òjò yìí? Ìléríolúwa àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń retí ọmọ ajá tí Bàbá Ògúnmọ́lá ọdẹ ṣèlérí fún un? Àwa náà wà, alihamudulilai. O mọ̀ mí, inú mi a kàn máa bàjẹ́ láìnídìí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ara mi balẹ̀. Ọjà ń tà dáadáa. Màámi ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́jà, inú mi sì ń dùn sí i, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kò sí ẹni tó pè mí ní nǹkan gidi rí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá tí Bàbá Ògúnmọ́lá yín máa ń wá rà lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, ọwọ́ Alhaji Sànúsí ní Ọjà Ọba la sì ti ń rà á. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Alhaji fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan wà tí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ náà rà láti ìlú mìíràn, tí wọ́n pò mọ́ ọn, nǹkan olóró ló wà nínú rẹ̀. Ajá tó jẹ ẹ́ ń bì, àwọn kan ti kú. Kì í ṣe gbogbo àpò o. Wọ́n dárúkọ nọ́ńbà kan, wọ́n ní ká wò ó lára àpò, kí ẹni tó bá rí i lára tirẹ̀ gbé e padà wá.

Phebe, ta ló ń ta nǹkan látinú àpò lọ́dọ̀ tiwa? Kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí àpò tuntun bá dé, inú dúrọ́ọ̀mù la ń dà á sí, a ó da ìyókù ti àtijọ́ mọ́ ọn, a ó fọwọ́ rò ó pọ̀, kí oníbàárà má baà ní ìsàlẹ̀ àpò la bù fún òun. Àwọn àpò òfìfo, ìyá eléèédú ti gba gbogbo wọn lọ. Èyí tó dáa àti èyí tó burú ti di ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́.

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká da gbogbo ẹ̀ nù.”

“Da kí ni nù? Kí wọ́n lè máa sọ káàkiri pé oúnjẹ Ìyá Bushrah ń pa ajá? Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ta ló tún máa ra oúnjẹ adìyẹ lọ́wọ́ mi?”

Ibi tá a ti ń fà á ni Àǹtí Kàdíjátù, télọ̀ tó wà ní òdìkejì wa, ti wọlé. Òun náà ti gbọ́. Ni Màámi bá mú ẹyọ kan nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n ń rún un wórówóró.

“Ẹ wò ó. Ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣé mo kú?”

“Ẹ ò kú,” Àǹtí Kàdíjátù ní, “àmọ́ ó jọ pé ẹ ti fẹ́ máa gbó.”

Ẹ̀rín pa wá! Màámi alára rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Èmi náà wá rò ó pé bí wọ́n bá lè jẹ ẹ́, bóyá kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe bù ú fún Sísí lónìí. O sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n pariwo. Ẹni tó rún un níwájú èèyàn ò fẹ́ kí ológbò rẹ̀ fẹnu kàn án.

Nígbà tí mo dá abọ́ náà padà sínú ṣọ́ọ̀bù kí n tó jókòó kọ̀wé yìí, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dé e, wọ́n tún ṣí i.

“Ọ̀la ni Bàbá Ògúnmọ́lá ń bọ̀,” wọ́n ní, bí ẹni ń bá dúrọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀. “Tanímọ̀la ajá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.”

Ohùn wọn kéré. Phebe, Màámi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wù wọ́n kí nǹkan yẹn kúrò nílẹ̀, ọwọ́ wọn ni ò gbé e. Ẹni tó máa bá wọn bà á jẹ́ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè bínú sí onítọ̀hún, kí wọ́n sì sùn dáadáa.

Bàbá Ògúnmọ́lá ni n ó fi lẹ́tà yìí rán sí ọ tí wọ́n bá dé lọ́la. Bá mi kí màmá rẹ àti bàbá rẹ. Sọ fún Ìléríolúwa pé tí ọmọ ajá rẹ̀ bá dé, kó máa fún un ní ẹ̀bà àti egungun ẹja.

Òjò ti ṣú báyìí. Èmi ni mo máa ń yí dúrọ́ọ̀mù wọlé tá a bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Lónìí, abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ni n ó fi í sílẹ̀ sí, n ó sì gbàgbé ìdérí rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á bú mi, wọ́n á ní orí mi ò pé. Kí wọ́n bú mi. Tó bá di àárọ̀, n ó gbẹ́ ilẹ̀, n ó rì í mọ́lẹ̀ kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ. Yàtọ̀ sí inú lẹ́tà yìí, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìwọ náà, tá a bá ríra, má bi mí. N ó ní òjò ni.

Tìrẹ ni mí, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Bushrah.